Orúkọ Tí Anisah Kò Fún Munir

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi Sìdí, èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Plumstead tó ń sọ pé Munir ló gba ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn ò mọ nǹkan kan. Àwọn tó ń sọ pé Anisah ni ojú rẹ̀ ò gbébì kan, kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ ṣe. Èmi ni alárinà. Èmi ni mo mú ọmọbìnrin náà fún ọkùnrin kan, èmi náà ni mo tún fọwọ́ sí i pé kí àbúrò ọkùnrin náà máa fi mọ́tò gbé e ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, mo jókòó síbí.

Lọ́dún 2014 tí mo ń wí yìí, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí. Mò ń lọ káàkiri ilé àwọn arúgbó ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni kí n so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀. Ìgbéyàwó mẹ́fà ló ti ọwọ́ mi jáde láàárín àwa Mùsùlùmí Woolwich, kò sí èyí tó túká nínú wọn, mo sì máa ń fi yangàn níbi tí wọn ò bá ti bi mí. Nítorí náà, nígbà tí Alhaja, ìyá Bashiru, pè mí sílé rẹ̀ ní Moorings, ní Thamesmead níbẹ̀, pé kí n bá òun wá ìyàwó fún àkọ́bí òun, mo ti mọ ẹni tí mo máa mú wá kí n tó mu omi tó gbé fún mi tán.

Bashiru jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí bàbá wọn kú, Munir àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bashiru fi ìwé sílẹ̀, ó wáṣẹ́, òun ló rán Munir níléèwé, òun ló ń lọ sí ìpàdé àwọn òbí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí o bá bi í pé báwo ni, á ní “Alhamdulillah,” ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Anisah ní tirẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan n'Íbàdàn ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ó ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní Powis Street. Mo ti búra fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé n ò ní fà á fún ẹni tí yóò máa pa á lẹ́kún.

Mo pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀ mi ní Plumstead lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án. Bashiru mú ọsàn dání. Kí a tó jókòó dáadáa ló ti gbọ́ tí omi ń kán ní kíṣìnì mi, ó ní ṣé mo ní sípánà, ó sì wọlé lọ tún ẹnu ẹ̀rọ náà ṣe. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n so yìgì fún wọn lójú ẹsẹ̀. Anisah ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí Bashiru lọ tán, mo ní, “Báwo lo ṣe rí i?”

“Èèyàn dáadáa ni, Auntie.”

“Ṣé o fẹ́ ẹ?”

“Mo ní èèyàn dáadáa ni. Ẹ̀yin náà rí i.”

Mo gbé fóònù, mo pe Alhaja, mo ní ọmọ ti gbà. Ẹ tún ohun tó sọ kà, kí ẹ bá mi wá ibi tó ti gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí etí alárinà bá fẹ́ gbọ́ ló ń gbọ́. Kó tó di Kérésìmesì, wọ́n ti mọ ilé ara wọn, wọ́n sì ti dá ọjọ́ yìgì sí oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀.

Láàárín ìgbà yẹn ni Anisah fà mí wọ ẹgbẹ́ ìwé kíkà ní láìbrẹ́rì Woolwich. Mo fẹ́ wọlé síléèwé nọ́ọ̀sì kí n tó darúgbó jù, Gẹ̀ẹ́sì mi sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń ná ata. Veronica ló ń darí wa, ará Jàmáíkà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Ní aago méjì ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé. Bashiru máa ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé, kò sì fẹ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àti alárinà rẹ̀ máa dúró de bọ́ọ̀sì 472 nínú òtútù, bẹ́ẹ̀ òun náà mọ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń pẹ́ dé. Ló bá ní kí Munir máa fi mọ́tò òun wá gbé wa. Wọ́n bi mí, mo ní ó dára. Àbúrò ọkọ ló yẹ kó máa sin ìyàwó lọ, kó máa sìn ín bọ̀. Ibo ló ti burú?

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Munir jókòó sínú mọ́tò. Lọ́sẹ̀ kejì, òtútù lé e wọlé, ó jókòó sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ti ní ìwé lọ́wọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Plumstead, ó sì lẹ́nu ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ ni Veronica fẹ́ràn, àwọn tí wọ́n kọ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn èèyàn inú ìwé yẹn. Tí kò bá ṣe ọkùnrin méjì sí obìnrin kan, á jẹ́ obìnrin méjì sí ọkùnrin kan tí kò mọ ohun tó ń wá. Wọ́n á jókòó sí pálọ̀ ńlá, wọ́n á máa wo ojú fèrèsé, kò sẹ́ni tó máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ẹnì kan á fi kú. Èyí tí à ń kà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, obìnrin kan ni, ní ìlú tí wọ́n ti ń la pákó. Wọ́n ti fi í fún ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ pákó, ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá ọ̀gá náà tọ́jú ẹṣin. Ọdún méjìlélógún ló fi dákẹ́.

Mo nawọ́ sókè. Mo ní, “Veronica, ṣé obìnrin yìí ò ní alárinà ni?”

Ó ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún gbogbo wọn, pé nílé tiwa, ẹnì kan máa ń wà láàárín tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, tí ọmọ lè sọ fún un ohun tí kò lè sọ fún bàbá rẹ̀. Mo ní ká ní irú èmi wà nílùú yẹn, ìwé náà ò ní ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo jókòó padà, inú mi ń dùn sí ara mi.

Anisah ní tirẹ̀ sọ pé ojo ni obìnrin náà.

“Kì í ṣe ojo,” Munir dáhùn láti ẹ̀yìn. “Ọkùnrin ẹlẹ́ṣin yẹn ńkọ́? Ọ̀gá rẹ̀ ló gbé e dàgbà. Báwo ló ṣe fẹ́ fi ibi san oore?”

“Ta ló ní kó fi obìnrin san oore? Ṣé ẹrù ni?”

“Kí ló wá fẹ́ kó ṣe?”

“Kó sọ̀rọ̀. Kó kàn sọ̀rọ̀.”

Veronica wo Munir, ó wo Anisah, ó yí ojú ìwé. Èmi ń wá bisikíìtì nínú báàgì mi.

Inú oṣù Kẹta ni ojú mi là. Mo ti ń kọ́ Anisah ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyàwó ilé, nítorí Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí. Nílé tiwa, ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ tí wọ́n bí kó ku ọ̀la kó wọlé. Ó bá wọn nílé, àgbà ni gbogbo wọn fún un. Fúnra rẹ̀ ni yóò fojú wò wọ́n, tí yóò fún oníkálukú ní orúkọ tó bá a mu. Lọ́jọ́ tó bá fi pè ọ́, tí o sì jẹ́, ó ti di aya ilé yín nìyẹn, ìwọ náà ti di àna rẹ̀, kò tún sí ohun mìíràn tí o lè jẹ́ fún un láyé. Anisah fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ti pe Amirah, àbígbẹ̀yìn Alhaja, ní Eyínfúnjowó. Ó ti pe Uncle Fàtáì, àbúrò bàbá wọn, ní Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín. Nínú mọ́tò ló ti ń kà wọ́n fún mi, tí Munir ń wà wá bọ̀ láti Woolwich, tí à ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Munir ńkọ́? Orúkọ wo lo fún awakọ̀ wa?”

Ẹ̀rín dúró. Anisah yíjú sí títì. Mo rò pé kò gbọ́, mo tún un bi. Munir tan wáìpà, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀, wáìpà náà ń ha gíláàsì gbígbẹ títí a fi kọjá ibùdókọ̀ ojú irin Plumstead, kò sì pa á.

Mo ní kí Anisah sọ̀kalẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo gbé omi tíì kaná, mo ti ilẹ̀kùn kíṣìnì.

“Wo ojú mi. Kí ló wà láàárín ìwọ àti Munir?”

“Kò sí nǹkan kan.”

“Ṣé ó ti bá ọ sọ̀rọ̀?”

“Rárá.”

“Ṣé ó ti fọwọ́ kàn ọ́?”

“Auntie, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá ń gba ìwé lọ́wọ́ mi gan-an, etí ìwé ló máa ń dì mú.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Mo ti gbìyànjú. Mo ti wá orúkọ fún un, mo rí bíi mẹ́wàá. Tó bá ti dé ẹnu mi, á dúró síbẹ̀. Tí mo bá ti pè é, ó parí nìyẹn.”

Ó yẹ kí n gbá a mọ́ra. Ẹ̀rù ló bà mí. Ojú Alhaja ló wá sí mi lọ́kàn, lẹ́yìn náà ìgbéyàwó mẹ́fà tí mo fi ń yangàn, àti ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní èyí wù mí, kò wù ọ́, lọmọ ìyá méjì fi ń jẹ ọbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tèmi, ohun kan náà ló wù wọ́n.

“Ìwé lẹ kà jù,” mo ní. “Ó máa kọjá lọ. Bashiru ò ṣẹ̀ ọ́.”

“Kò ṣẹ̀ mí. Ohun tó ń pa mí nìyẹn.” Ó nu ojú. “Auntie, ẹ̀yin lẹ sọ fún Veronica pé ká ní alárinà wà, ìwé yẹn ò ní ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ. Alárinà wà níbí. Kí ló dé tí tiwa ò parí?”

Mo ní kó mu tíì rẹ̀ kó tó tutù.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Munir ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tú fóònù kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wò ó, kò ṣe nǹkan kan sí i.

“Auntie, mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Mo mọ̀.”

“Bàtà kan ṣoṣo ni bọ̀dá mi wọ̀ fún ọdún méjì, kí n lè wọ tuntun lọ síléèwé. Ẹ rò pé mo lè gbójú sókè, kí n sọ fún un pé...” Kò parí rẹ̀. “Mo ti rí iṣẹ́ ní Manchester. Lẹ́yìn yìgì, mo ti lọ.”

“Ṣé o sọ fún Anisah?”

“Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?”

Bí àwọn ará inú ìwé yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ bá a sunkún. N kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Mo lọ sílé, mo sì ro ohun tí mo rò pé ọgbọ́n ni. Bí Anisah bá lè pe Munir lórúkọ lójú gbogbo ilé, tí Munir sì jẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ojú máa tì wọ́n láti tún wo ara wọn bẹ́ẹ̀. Ọkàn á gbọgbẹ́ fún ọdún kan, á sì jinná. Mo tẹ Alhaja láago, mo ní, “Alhaja, mo mọ̀ pé lẹ́yìn yìgì ni wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ tí ìyàwó yín fún àwọn ará ilé lọ́jọ́ Ìtúnu?” Inú rẹ̀ dùn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò n'Íjẹ̀bú, òun ò tíì rí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún Anisah. Mo fún un ní orúkọ tó máa pe Munir: Akọ̀wé. Mo ní kó há a sórí, kó pè é ní ìgbà kan péré, kó sì jókòó. Ó bi mí pé, “Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, Auntie?” Mo ní ohun tó dára fún gbogbo wa ni.

Ọjọ́ Ìtúnu bọ́ sí oṣù Keje. Nígbà tí mo dé Moorings, Bashiru ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní kí n wá wo nǹkan. Ó mú mi gòkè. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun yàrá tí Anisah máa gbé, àwọ̀ ewé, nítorí Anisah ti sọ rí pé òun fẹ́ràn àwọ̀ ewé, ó sì tó oṣù márùn-ún tó ti sọ ọ́. Ó ti kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pàápàá.

“Ṣé ó dára, Auntie?”

Mo la ẹnu. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ní, “Ó dára púpọ̀,” mo sì sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Alhaja pàtẹ́wọ́, ó ní ó yá. Anisah kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Bashiru rà fún un. Ó pe Amirah ní Eyínfúnjowó, Amirah jẹ́, ó tún fi eyín hàn. Ó pe Uncle Fàtáì ní Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, Uncle jẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín bí orúkọ rẹ̀. Alhaja ń fi etí gèlè nu ojú. Munir jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Alhaja ní, “Ó ku ọ̀kan.”

Anisah gbójú sókè sí Munir. Ẹnu rẹ̀ mì, ohùn ò jáde. Mo tẹ̀ síwájú, mo ní wúyẹ́wúyẹ́, “Akọ̀wé.” Kò sọ ọ́. Uncle Fàtáì ní ojú ló ń tì í, kí a fún un lómi. Munir wolẹ̀. Omi bọ́ lójú Anisah, kò sì nù ún.

Bashiru ò wo Munir. Anisah ló ń wò, ó sì pẹ́ tó ti ń wò ó. Mo rí i nígbà tó yé e. Ojú rẹ̀ kò yí padà, èjìká rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ díẹ̀.

“Anisah,” ó ní, “dìde. Ilẹ̀ yẹn le.” Anisah ò dìde. “Fi Munir sílẹ̀. Èmi ńkọ́? Orúkọ wo lo máa fún èmi?”

Uncle Fàtáì bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló ń fún ọkọ lórúkọ? Àwọn àna nìkan ni ìyàwó ń fún lórúkọ.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Uncle,” Bashiru dáhùn. “Ìdí tí mo fi bi í nìyẹn.”

Amirah ló kọ́kọ́ yé, ó fọwọ́ bo ẹnu. Munir dìde, ó ní, “Bọ̀dá mi.” Bashiru ní kó jókòó. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí tábìlì, ó jáde, a sì gbọ́ tí mọ́tò náà lọ. Ìgbà náà ni Alhaja yíjú sí mi. Ó ní, “Sìdí, kí lo gbé wá sílé mi?” Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

Ọjọ́ kẹjọ ni Bashiru wá sọ́dọ̀ mi, ó wọ aṣọ iṣẹ́. Kò jókòó.

“Auntie, ṣé ẹ mọ̀?”

Mo ti kó irọ́ mẹ́ta sílẹ̀ de ìbéèrè yẹn. Mo wo ẹnu ẹ̀rọ tó bá mi tún ṣe. “Mo mọ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti oṣù Kẹta.”

“Oṣù Kẹfà ni mo kun yàrá yẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ dúró nínú rẹ̀, ẹ ní ó dára.”

N kò lè gbé ojú sókè. Mo ní kó dárí jì mí. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ó ń dùn mí,” ó ní. “Tí mo bá wa bọ́ọ̀sì dé Woolwich, n kì í wo apá Powis Street. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi obìnrin tó ń wo ibòmíràn ṣe ìyàwó. Mi ò sì tọ́ Munir dàgbà kí n tún lé e lọ sí Manchester.”

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“Iṣẹ́ yín. Ẹ lọ bá Mummy mi fún àwọn méjèèjì. Èmi ò lè bá wọn bẹ̀bẹ̀, ẹ má retí ìyẹn lọ́wọ́ mi. Kí Munir má sì pè mí. Tó bá tó àsìkò, èmi fúnra mi máa mọ̀.”

Mo kọ́kọ́ pe ìyá Anisah n'Íbàdàn, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ó sunkún, ó bú mi títí káàdì rẹ̀ fi tán, ó ra òmíràn, ó tún pè mí padà, ó wá bi mí bóyá àbúrò náà ń kírun. Lẹ́yìn náà ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Moorings. Ìgbà mẹ́rin ni Alhaja rí mi láti ojú fèrèsé tí kò ṣílẹ̀kùn. Nígbà karùn-ún, òjò ń rọ̀, mo kúnlẹ̀ sórí ẹní tí wọ́n fi ń nu ẹsẹ̀ níta, ló bá ṣí i.

“Ọkùnrin méjì ni mo bí,” ó ní. “O fẹ́ kí n pàdánù ọ̀kan nítorí obìnrin?”

“Alhaja, tí ẹ bá lé Munir, méjèèjì lẹ pàdánù. Ta ni Bashiru fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ sìn?”

Ó wò mí nínú òjò yẹn. “Ojú rẹ gbé e láti wá bá mi sọ̀rọ̀.”

“Kò gbé e, Alhaja. Iṣẹ́ tí Bashiru rán mi ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, ó gbà á ní ọdún kan gbáko kó tó ní kí wọ́n so yìgì. Oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni, èèyàn mẹ́wàá péré, nínú yàrá kan ní Plumstead. Bashiru ò wá. Ó ti bẹ̀ wọ́n níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Bí ààfáà ṣe ń bi Munir ní ìbéèrè, bọ́ọ̀sì kan kọjá lójú títì, Munir yíjú sí fèrèsé, ààfáà sì tún ìbéèrè náà bi.

Lọ́jọ́ Iléyá, oṣù tó tẹ̀ lé e, Alhaja ní kí gbogbo wa wá sílé òun. Bashiru ti kó lọ sí ibòmíràn. Ó ní tí òun bá tètè ṣíwọ́, òun á yà. Ó di oṣù mẹ́rìnlá tí òun àti Munir kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní kíṣìnì, Anisah ń fọ ẹ̀fọ́ kan náà ní ìgbà kẹta.

“Auntie, mo ti rí orúkọ kan fún bọ̀dá. Tí wọn ò bá jẹ́ ńkọ́?”

“Wàá tún pè é lọ́dún tó ń bọ̀,” mo ní. Ọkàn tèmi náà ò balẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kó lu aago mẹ́rin ọ̀sán tí Bashiru wọlé. Ó gbé ẹran sínú ọ̀rá dúdú ńlá kan, ó ti rù díẹ̀. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí Uncle Fàtáì. Munir ti dìde lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó dúró bẹ́ẹ̀. Amirah pa tẹlifíṣọ̀n. Anisah jáde láti kíṣìnì, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi, ó kúnlẹ̀ síbi tó kúnlẹ̀ sí lọ́dún tó kọjá.

“Ẹ kú iṣẹ́, Adúrótini. Ẹ kú ọdún.”

Bashiru dúró. Ó wò ó, ó wo ilẹ̀. Ó wá wo àbúrò rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó mú ojú kúrò. Mo ń fa tẹsùbáà mi lábẹ́ ìborùn, n kò mọ ohun tí mò ń kà.

“Oo,” ó ní.

Kò dún dáadáa. Ó wú ikọ́, ó tún un jẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. “Oo. Dìde, ìyàwó wa.” Ó na ọ̀rá ẹran náà sí Munir. “Gba èyí. Ó wúwo.”

Munir fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò gbé e lọ sí kíṣìnì. Ó dúró síbẹ̀, ó dì í mọ́ àyà, ó ń sunkún bí ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ ẹran sì ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì Alhaja, títí Alhaja fi bi í bóyá orí rẹ̀ pé, pé ta ló fẹ́ kó fọ ilé fún òun.

Mo ti ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Mo ní èmi ni.